Ta Ló Ni "Díẹ̀" Yìí?

Ní Wàńdó l'Ájàṣẹ́, lẹ́yìn ọjà, ilé alájà mẹ́ta ń ga,
èmi Rìsíkátù ni mo di ìwé ewu mú.
Wọ́n ní kí n fa ilà mẹ́ta: díẹ̀, níwọ̀n, púpọ̀,
kí n bi àwọn tó mọ̀,
kí n kọ ohun tí wọ́n bá wí síbi tó tọ́.
Iṣẹ́ ààbọ̀ wákàtí ni, ọ̀gá ló wí bẹ́ẹ̀.
Ó ti di ọjọ́ kẹta.

Rọ́múálù onímọ̀ ìkọ́lé dé láti Kútọnu,
kò bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó fi ìka kan òpó, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní:
"Ewu pẹpẹ òkè yìí, díẹ̀ ni."
Mo ní, "Díẹ̀ bí i mélòó, ọ̀gá?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Díẹ̀ náà."

Bàbá Múkárámù káfíńtà, tó fi àtàǹpàkò kan sílẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀,
tó máa ń sọ ibi tó wà bí ẹni ń sọ ibi tọ́mọ rẹ̀ ń gbé,
òun náà ní díẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.
Ó wo ìdí òpó, níbi tí òjò àná ti gbẹ́ yanrìn lọ,
ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó wò mí, ó tún wo ìdí òpó.
Ibo ni kí n kọ ìdákẹ́jẹ́ sí?
Ìwé mi kò ní ilà fún un.

Gbogbo díẹ̀ kọ́ lọmọ bàbá kan náà.
Iyọ̀ díẹ̀ dùn lọ́bẹ̀.
Iná díẹ̀ lórí òrùlé koríko, ẹ pe ará àdúgbò!
Díẹ̀ ẹni tó dúró nílẹ̀ tó ń wòkè
kì í ṣe díẹ̀ ẹni tó ru kọnkéré,
tó dúró lókè tó ń wolẹ̀.

Mo bá bi Afúsátù, tó ń ru kọnkéré ọ̀hún.
Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó mọ̀.
Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní:
"Láàárọ̀, pẹpẹ yẹn kì í sọ̀rọ̀.
Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn mú, á máa dún kẹ̀ẹ́
lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ti òsì, rárá."
Mo ní, "Ṣé ewu nìyẹn?"
Ó ní, "Èmi ò mọ ewu. Ohùn ni mo mọ̀."

Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá,
ikán kò lè jẹ òkúta.
Ó dáa. Ṣùgbọ́n igi ni pẹpẹ wa,
àwa náà, àbá là ń dá.

Lálẹ́, mo pa ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Mo kọ ọ́ báyìí:
Rọ́múálù: díẹ̀. Ó dá a lójú.
Múkárámù: díẹ̀. Kò dá a lójú, ó wolẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Afúsátù: kò sọ iye. Ó gbọ́ ohùn.
Èmi: n kò mọ̀.
Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo kọ ìyẹn;
ta ni wọ́n ń sanwó fún kó wá sọ pé òun ò mọ̀?
Mo fi kún un nísàlẹ̀:
Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má gòkè lọ́la.

Onílé bínú. Ó ka owó ọjọ́ kan sí mi létí,
ó ka sìmẹ́ńtì tó ń dì nínú àpò,
ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí, n kò mọṣẹ́.
Wọ́n tú pẹpẹ. Wọ́n pààrọ̀ òpó kan,
èyí tí Bàbá Múkárámù fẹsẹ̀ tẹ̀ ìdí rẹ̀.
Inú òpó ọ̀hún kò jẹrà.
Kò fi bẹ́ẹ̀ le náà.
Bàbá gbé e sí oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Hẹn."

Ìyẹn nìkan ni mo rí kọ.
Pẹpẹ kò wó. N kò mọ̀ bóyá ì bá wó.
Afúsátù ti padà sókè lónìí, ọ̀sán ti ń pọ́n,
mo dúró nísàlẹ̀, ìwé lọ́wọ́,
mo ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.